Ìsoríkọ́ Lára Ẹni Tí Àìsàn Rẹ̀ Ti Pẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí etí sábà máa ń gbọ́ lórí àga wàásù. Ọ̀rọ̀ àìsàn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àìsàn tí dókítà kọ sínú káàdì nìkan. Àìsàn kejì kan wà tí ó máa ń yọ́ wọlé tẹ̀lé ti àkọ́kọ́. Kì í sábà ní orúkọ nínú káàdì, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn pa oògùn wọn tì títí tí ẹ̀mí fi ń bọ́.

Ẹ fojú inú wo ìyá kan, irú èyí tí ó pọ̀ káàkiri ìlú Ìbàdàn. Ọjà Bódìjà ni ó ti ń ta ẹ̀wà àti èlùbọ́ láti bí ogún ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n sọ fún un pé ìtọ̀ ṣúgà ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún kìíní, ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ó ń lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un, ó sì ń bá àwọn tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ṣe àwàdà. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí iná lóru. Oorun dá lójú rẹ̀. Ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Challenge, nínú ilé alájà mẹ́ta tí gbogbo ènìyàn ń jáde níbẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí wọn kì í sì í padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárín oṣù mẹ́ta, ìyá tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ dẹni tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ yóò tutù síbẹ̀. Wọ́n ka oògùn inú ike, wọ́n rí i pé kò dín. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yín. Kí ni a fi ṣẹ̀ yín?" Èsì tí ó fún un kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Àwọn aládùúgbò dá sí i. Ọ̀kan ní àwọn ayé ló wà nídìí rẹ̀. Èkejì ní àgbà ló dé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ ẹni ẹ̀sìn, ní, "Àlàájà, ẹ túbọ̀ gbára lé Ọlọ́hun, onígbàgbọ́ òdodo kì í banújẹ́ báyìí." Ohun tí ẹni kẹta sọ yìí ló burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ó gbé ẹ̀bi lé orí ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó rántí láti sọ fún dókítà tí ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà náà pé ìyá kì í sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìsoríkọ́ ni ohun tí ó ń ṣe irú ìyá bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìbànújẹ́ lásán. Ìbànújẹ́ a máa wá, a sì máa lọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò sunkún, síbẹ̀ yóò tún rẹ́rìn-ín bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ nílẹ̀. Ìsoríkọ́ kì í gba ẹ̀rín láàyè. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn fẹnu kò pé bí ọkàn ènìyàn bá wúwo, tàbí tí ohun tí ó máa ń dùn mọ́ ọn kò bá dùn mọ́ ọn mọ́, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ jù lọ wákàtí ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àìsùn, àìlèjẹun, àárẹ̀, àìlèpa ọkàn pọ̀, ìdára-ẹni-lẹ́bi tàbí èrò ikú sì bá a rìn, tí iṣẹ́ òòjọ́ kò ṣe é ṣe mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní "ó máa lọ fúnra rẹ̀". Ó ti di àìsàn tí ó ń fẹ́ ìtọ́jú.

Ibi tí ó ti ń tan ènìyàn jẹ ni pé púpọ̀ nínú àmì wọ̀nyí jẹ́ àmì àìsàn ara pẹ̀lú. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn yóò máa rẹ̀. Ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ kò ní lè jẹun. Ẹni tí làkúrègbé ń dà láàmú kò ní lè sùn. Nítorí náà, ará ilé àti oníṣègùn lè di gbogbo rẹ̀ ru àìsàn àkọ́kọ́. Àmì tí ó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni kí ènìyàn máa pe ara rẹ̀ ní ẹni tí kò wúlò, kí ohun ayọ̀ má lè wọ̀ ọ́ lára mọ́, kí ó sì máa wò ó pé ikú òun yóò sinmi àwọn ọmọ òun. Ìtọ̀ ṣúgà nìkan kì í mú ènìyàn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn tún ni pé ẹ̀dùn ọkàn kì í sábà jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí aláìsàn wa máa ń rò fún dókítà. Yóò ní orí òun ń gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn òun lára, pé ara ń ta òun bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á, pé àyà òun ń já. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa mọ àròyé wọ̀nyí dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé nígbà mìíràn, ara ni ẹnu tí ọkàn fi ń sọ̀rọ̀.

Ìgbà kan wà tí àwọn òyìnbó oníṣègùn kan ń sọ pé ìsoríkọ́ kò wọ́pọ̀ lára ènìyàn dúdú. J. C. Carothers kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 1953. Ọmọ Yorùbá kan wà lára àwọn tí ó já èrò náà kulẹ̀. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní Aró ní 1954. Òun àti Alexander Leighton ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Cornell ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ inú àwọn abúlé tí ó yí Abẹ́òkúta ká, wọ́n ń bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àmì ìsoríkọ́ pọ̀ láàárín wa. Ohun tí kò sí ni orúkọ kan ṣoṣo tí ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ka àwọn àmì náà lẹ́sẹẹsẹ, àwọn ará abúlé a mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní ọdún 1963 yìí kan náà ni Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn UCH.

Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé e ní Ìbàdàn ni wọ́n wá ka iye rẹ̀ fún wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí ọjọ́ ogbó ní 2003. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó 65 sókè ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, 2,152 nínú wọn, ní ìpínlẹ̀ 8 tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, ó lé ní 1 nínú àgbàlagbà 4 tí ìsoríkọ́ tí ó nípọn ti ṣe rí láyé rẹ̀. 7 nínú 100 ni ó sì ṣe láàárín oṣù 12 tí ó ṣáájú. Ẹ ka àwọn àgbàlagbà tí ó wà ní sáfù iwájú ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ sì ṣe ìṣirò náà fúnra yín.

Ní ti bí ó ṣe kan àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, Ìbàdàn tún wà lára ibi 15 káàkiri ayé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wádìí àwọn tí ń lọ sí ilé ìwòsàn fún àìsàn ojoojúmọ́. Gureje ni ó ṣíwájú nínú àkọsílẹ̀ tí ó jáde lórí ìrora ní 1998. Àwọn tí ìrora kò fi sílẹ̀ fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe ní ìlọ́po 4 kí wọ́n ní ìsoríkọ́ tàbí àìsàn ìpayà ju àwọn tí kò ní irú ìrora bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2007 bákan náà, àkójọ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè 60, tí ènìyàn tí ó lé ní 245,000 dáhùn ìbéèrè nínú rẹ̀, fi hàn pé láàárín àwọn tí wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ọkàn, làkúrègbé tàbí ikọ́ fée, bí 9 sí 23 nínú 100 ni ìsoríkọ́ tún wà lára wọn. Ìwádìí yìí tún sọ ohun kan tí ó yẹ kí ó dá ènìyàn dúró: ẹni tí ó ní àìsàn ara kan pẹ̀lú ìsoríkọ́, ìlera rẹ̀ burú ju ti ẹni tí ó ní àìsàn ara méjì tí kò ní ìsoríkọ́ lọ. Bí ẹnì kan bá ní ìtọ̀ ṣúgà àti ikọ́ fée pọ̀, gbogbo ilé ni yóò máa káàánú rẹ̀. Bí ó bá ní ìtọ̀ ṣúgà àti ìsoríkọ́, wọ́n á ní ó ń ṣe ojú kan.

Ọ̀nà tí àìsàn ara ń gbà bí ìsoríkọ́ kò lọ́jú pọ̀ bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wò ó. Ìrora kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, àìsùn a sì máa jẹ ọkàn bí ikán ṣe ń jẹ igi. Owó oògùn kì í tán. Ọkùnrin tí ó ń wa mọ́tò láti Dùgbẹ̀ lọ sí Ring Road, tí rọpárọsẹ̀ wá mú apá rẹ̀ kan, kì í ṣe apá nìkan ni ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ipò baálé tí ó ń fún ìyàwó lówó ọbẹ̀ náà ti lọ. Ọmọ yunifásítì tí ó ń gbé ní Agbowó, tí àìsàn fọ̀níkúfọ̀ládìde ti wà lára rẹ̀ láti kékeré, ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ìdánwò jáde nígbà tí òun wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú omi lápá. Ó mọ̀ pé ìrora náà yóò tún padà wá. Kò kàn mọ ọjọ́ ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrònú nìkan. Ìjà tí ara ń bá àìsàn jà fúnra rẹ̀ máa ń dé ọpọlọ: àwọn èròjà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi kojú àìsàn lè mú kí ènìyàn rẹ̀, kí ó má fẹ́ jẹun, kí ó má sì fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni. Rọpárọsẹ̀ tilẹ̀ ń ba apá kan ọpọlọ jẹ́ tààrà, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nǹkan bí 1 nínú 3 àwọn tí ó ṣe ni ìsoríkọ́ ń tẹ̀ lé e. Oògùn náà ní tirẹ̀. Prednisolone tí wọ́n fi ń tọ́jú ikọ́ fée líle àti àwọn àìsàn mìíràn lè yí ọkàn ènìyàn padà. Asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn baba wa fi ń mú kí alárùn ọpọlọ fara balẹ̀ kí ó sì sùn, ní èròjà kan nínú tí wọ́n ń pè ní reserpine. Nígbà tí àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi èròjà yìí tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ṣàkíyèsí pé ọkàn àwọn kan tí ń lò ó rẹ̀wẹ̀sì gidigidi. Àwọn olùwádìí ìgbà ìkẹyìn ṣì ń jiyàn lórí bí ó ti wọ́pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó ń lo oògùn ilé ìwòsàn, tí ó tún ń mu àgbo asofẹ́yẹjẹ ní ìkọ̀kọ̀, ń fi ara rẹ̀ sínú ewu.

Bí ìsoríkọ́ bá ti wọlé tán, kì í jókòó jẹ́ẹ́. Yóò padà sí ara láti ba á jẹ́ sí i. Èròjà kan tí ń jẹ́ cortisol, tí ara ń tú jáde nígbà ìdààmú, yóò máa pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òun a sì máa gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú a máa ru. Aláìsàn kò ní jáde rìn mọ́. Ẹni tí ó ti fi sìgá sílẹ̀ lè tún padà sídìí rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, yóò dẹ́kun oògùn lílò, nítorí pé ẹni tí kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun jí lọ́la kò ní rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun lo oògùn lálẹ́. Bí ṣúgà bá gòkè, ẹsẹ̀ yóò túbọ̀ máa ta. Bí ẹsẹ̀ bá ń ta, oorun yóò dá. Bí oorun bá dá, ọkàn yóò túbọ̀ wúwo. Ọ̀nà náà sì ṣí síhà méjèèjì: ẹni tí ìsoríkọ́ ṣe pẹ́, tí ara rẹ̀ le koko tẹ́lẹ̀, ewu àtiní ìtọ̀ ṣúgà àti àìsàn ọkàn ga lára rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Bí ìlú ṣe tò náà ń dá kún un. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé Bódìjà, ni Ìbàdàn tuntun ti ń fẹ̀ sí i: ilé ológiri gíga, géètì onírin, ajá, tọkọtaya tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ tí ó wà nílé ẹ̀kọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó dára ni kí ọmọ mú ìyá rẹ̀ kúrò ní agbo-ilé wá sí ibi tí iná àti omi ti sún mọ́ tòsí. Ṣùgbọ́n ní agbo-ilé ní Bẹẹrẹ tàbí ní Fòkò, bí àgbàlagbà kan kò bá jáde wá bọ́jú títí oòrùn fi yọ, ẹnì kan yóò kan ilẹ̀kùn. (Kì í ṣe pé agbo-ilé kò ní ìbàjẹ́ tirẹ̀, ẹnu tí ń béèrè àlàáfíà ẹni níbẹ̀ náà ló ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn.) Nínú yàrá kan ní Challenge tàbí ní Bódìjà, ìyá lè jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò wò láti àárọ̀ di alẹ́, kí ó má sì rí ẹni tí yóò kí i ju ọmọdé tí ń gbá ilẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ wà nínú ìtura, ọkàn rẹ̀ wà ní àhámọ́.

Lambo ti mọ èyí ṣáájú. Ní Aró, kò ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ilé ìwòsàn. Ó mú kí púpọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú ẹbí kan tí yóò máa dúró tì wọ́n, wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí. Wọ́n á gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ní ọ̀sán, wọ́n á sì padà sí àárín ènìyàn, sí ibi tí wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ti ń dáko, tí wọ́n ti ń ṣeré alẹ́. Ayé gbọ́ nípa ètò yìí, àwọn dókítà sì wá láti òkèèrè láti wò ó. Ohun ìyanu ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí nílẹ̀ ibi tí ètò yìí ti ṣẹ̀ ń san owó fún ọmọ ọ̀dọ̀ kí ó máa jókòó ti ìyá wọn, wọ́n sì rò pé ó ti tó.

Ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èyí tí ó kan àwọn ará ní mọ́sáláṣí gan-an. Ẹni tí ó bá sọ pé ìsoríkọ́ jẹ́ àìpé ìgbàgbọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn lórí Ànábì Ya'qub. Ìtàn rẹ̀ wà nínú Súrà Yúsúfù, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n: ọ̀ràn ọmọ rẹ̀ tí ó sọnù dun ún títí tí ojú rẹ̀ méjèèjì fi funfun. Ìbànújẹ́ ọkàn ló di àìsàn ojú. Kò sì sí onímọ̀ kan tí ó pe Ànábì yìí ní aláìnígbàgbọ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣáájú nínú Ìsìláàmù kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wàásù nìkan. Abu Zayd al-Balkhi, ará ìlú Balkh ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Afghanistan lónìí, tí ó kú ní 934, kọ odidi ìwé kan, Masalih al-Abdan wal-Anfus, lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé bí ara bá ń ṣàìsàn, agbára ọkàn yóò dín. Bí ọkàn bá sì ń jẹ̀rora, ara yóò fara gbá a. Ó pín ìbànújẹ́ sí oríṣi méjì: èyí tí ènìyàn mọ ohun tí ó fà á, àti èyí tí kò ní ìdí kan tí ènìyàn lè nàka sí, tí ó jẹ́ pé láti inú ara ni ó ti wá. Ó ní ti èkejì yìí, ara ni kí wọ́n fi ìwòsàn tọ́jú. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ó ti kọ èyí sílẹ̀.

Àìmọ̀ òfin ẹ̀sìn pẹ̀lú máa ń ti aláìsàn sínú àdáwà. Àgbàlagbà ọkùnrin tí kò lè tọ̀, tí wọ́n fi rọ́bà sí lára kí ìtọ̀ lè máa dà sínú àpò, a máa dẹ́kun àtilọ sí Jímọ̀. Ojú ń tì í. Ó tún rò pé àlùwàlá òun kò lè dúró. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ó di oṣù mẹ́fà, kò rí àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti jọ wà ní sáfù kan fún ọgbọ̀n ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ti gbà á láàyè. Ẹni tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró yóò tún ara ṣe bí ó ti lè ṣe é mọ, yóò ṣe àlùwàlá nígbà tí àkókò ìrun bá wọlé, yóò sì kírun rẹ̀. Ohun tí ó bá jáde lẹ́yìn náà láìjẹ́ pé ó fẹ́ ẹ kò ba ìrun náà jẹ́. Ó yẹ kí Lèmọ́mù sọ èyí ní gbangba, kí ẹnì kan sì lọ mú bàbá náà wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Rámádánì. Ìtọ̀ ṣúgà àti àwẹ̀ kì í bá ara wọn lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, Ọlọ́hun sì ti gbé àwẹ̀ kúrò lórí aláìsàn nínú Súrà al-Baqara. Ẹni tí kò ní ìrètí àtisan án padà yóò máa bọ́ aláìní. Síbẹ̀ ìyá kan lè sunkún ní gbogbo oṣù náà pé òun ti di ẹni ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé àwọn ará ilé jí sí sààrì láìpè é. Ẹ pè é sí sààrì. Ẹ jẹ́ kí ó pín dábínù nígbà ìṣínu. Ẹni tí kò gbààwẹ̀ nítorí àìsàn kò jáde kúrò nínú Rámádánì.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ má ṣe rò pé ó di ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ńlá. UCH ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ, Aró ṣì wà ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní 2019 tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá yìí, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ bí wọn yóò ṣe máa dá ìsoríkọ́ mọ̀, tí wọn yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Ènìyàn tí ó lé ní 1,000 ni ó kópa. Àwọn òṣìṣẹ́ kan gba ẹ̀kọ́ púpọ̀, àwọn kan gba díẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tí ọdún kan pé, bí 3 nínú 4 àwọn aláìsàn tí wọ́n tún rí ni àìsàn náà ti fi sílẹ̀, ní apá méjèèjì. Ọ̀nà ìjíròrò kan tí wọ́n lò níbẹ̀ rọrùn: kí aláìsàn mú ìṣòro kan ṣoṣo nínú ọ̀pọ̀, kí ó gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá elèlùbọ́ náà kò lè padà sí Bódìjà lọ́la, ṣùgbọ́n ó lè rìn dé ẹnu géètì ní àárọ̀ Mọ́ńdè.

Bí dókítà bá kọ oògùn ìsoríkọ́ fún un, kí àwọn ará ilé mọ̀ pé kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ó tó hàn, ó sì yẹ kí ó máa lò ó fún bí oṣù 6 lẹ́yìn tí ara bá ti yá, kí ó má sì dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀. Diazepam tí àwọn kan ń rà ní ṣọ́ọ̀bù Dùgbẹ̀ láti fi sùn kì í ṣe oògùn ìsoríkọ́. Bí ó bá mọ́ ara lára tán, àtifi í sílẹ̀ á di iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀rù pé wọ́n á pe òun ní wèrè. Òfin ọdún 1958 tí ó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti kógbá sílé; òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ gba ìbuwọ́lù Ààrẹ ní oṣù kìíní 2023, ó sì dá ẹ̀tọ́ ẹni tí ń gba ìtọ́jú mọ̀.

Bí aláìsàn bá sọ pé ikú sàn ju báyìí lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a lẹ́kun pé kí ó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí wọ́n bi í tààrà pé, "Ǹjẹ́ ẹ ti rò ó pé kí ẹ pa ara yín?" Ìbéèrè náà kì í gbin èrò náà sí ènìyàn nínú, ó ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ó ti ń dá a rò ni. Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí wọ́n kó oògùn kòkòrò àti gbogbo oògùn tí ó pọ̀ nínú ilé kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tí yóò tẹ̀ lé e lọ ni kí ó jẹ́ ẹni tí ó mọ bí ó ṣe ń sùn àti bí ó ṣe ń jẹun. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn tí ó ń lò dání sínú àpò kan: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà, èyí tí ó ṣẹ́kù nínú ike láìlò, àti ìgò àgbo tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.